Wọ́n Rán Ihò Orí Agbòòrùn Alága

Ohun àkọ́kọ́ tó yí padà lára Gbọ́ládé nígbà tí wọ́n fi í jẹ Alága Ìgbìmọ̀ Ẹwà Ìgboro ni ìrìn rẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, ó ń ta ọ̀dà ní Ojú Ọrẹ, ó sì ń rìn bí gbogbo èèyàn. Láti ọjọ́ tí káńsù ti fún un ní ìwé, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ má rò pé ipò kékeré ni o. Ìgbìmọ̀ náà ní tábìlì kan, àga mẹ́ta, àti fáànù kan tí kì í yí. Gbọ́ládé wo gbogbo rẹ̀ yí ká, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹrù yìí wúwo. Àfi èmi náà ló lè rù ú."

Káńsù fún un ní akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Hafeez. Lórí ìwé, iṣẹ́ Hafeez ni kí ó máa kọ nǹkan sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kí ó máa dáhùn. Bí Alága bá wúkọ́, Hafeez á ní, "Ikọ́ ọlọ́gbọ́n!" Bí ó bá yán, á ní, "Ẹ sinmi díẹ̀, sà, ẹ ti ronú jù." Bí ó bá sín, á pàtẹ́wọ́. Ní àràárọ̀, Hafeez ló ń kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì, á sì pariwo mọ́ àwọn àga mẹ́ta náà pé, "Ẹ dìde! Alága Ẹwà Ìgboro, Olùdarí Ìtura, Baba Òjìji, ló ń bọ̀ yìí!"

Àwọn àga náà kò dìde rí. Alága fi ojú àánú wò wọ́n.

Ilẹ̀ gbalasa kan wà ní Ṣàngó, láàárín ọgbà àwọn ilé-iṣẹ́ àti òpópónà márosẹ̀ tó lọ sí Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun ọ̀sán. Kò sí ilé tó dínà atẹ́gùn níbẹ̀. Bí tírélà bá kọjá, fìlà á ṣí. Bí òjò bá sì ń bọ̀, ọ̀nà Ìjòkó ni atẹ́gùn rẹ̀ ti ń wá, kì í kan ilẹ̀kùn.

Àwọn obìnrin tó ń ṣòwò níbẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n á gba rímù ọkọ̀ tó ti gbó, wọ́n á ri páìpù sí àárín rẹ̀, wọ́n á da kọnkéré sí i títí yóò fi kún. Òpó agbòòrùn á wọ inú páìpù náà, wọ́n á fi rọ́bà tí wọ́n gé lára tíúbù so ó mọ́lẹ̀. Ọkùnrin méjì ló lè gbé ẹyọ kan. Síbẹ̀, rímù nìkan kọ́ ni wọ́n gbọ́kàn lé. Wọ́n ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: ẹni tó bá jókòó sí ìpẹ̀kun, lọ́nà Ìjòkó, ló ń ṣọ́ atẹ́gùn. Bí ó bá ti pariwo pé "Ẹ pa á dé!", gbogbo agbòòrùn á padé. Wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá béèrè ìdí.

Rùkáyátù ló jókòó sí ìpẹ̀kun náà. Télọ̀ ni. Ofaròòlù àwọn òṣìṣẹ́ ló ń tún rán: orúnkún tó ya, àpò tó já, síìpù tó kọ̀. Òṣìṣẹ́ á bọ́ ofaròòlù fún un, á lọ jẹun, á sì wọ̀ ọ́ padà kí agogo ilé-iṣẹ́ tó lù. Àjákù òwú kan máa ń wà ní etí ẹ̀rọ rẹ̀. Bí òwú náà bá na tààrà tí kò wálẹ̀ mọ́, Rùkáyátù ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ọdún méjìlá ló ti wà ní igun yẹn. Bí wọ́n bá lé e kúrò, òṣìṣẹ́ wo ni yóò fi àkókò oúnjẹ rẹ̀ wá a lọ sí ilé ní Ìjòkó? Igun náà ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò ní òmíràn.

Ìgbà tí Alága wá wo ilẹ̀ náà, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. Òórùn dùndún tí Kàfáyá ń dín nìkan ló wà níbẹ̀, ó sì ń ta sánsán.

"Kí ni àwọn nǹkan burúkú yìí?" ó tọ́ka sí rímù.

"Ẹsẹ̀ agbòòrùn ni, sà," ni Kàfáyá dáhùn.

"Ẹsẹ̀ kẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi rìn wọ ọ̀rúndún kọkànlélógún nìyí?"

Kàfáyá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò rí àléébù níbẹ̀.

Alága gun orí rímù kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bú tán, kí wọ́n lè rí i. "Ẹ̀yin èèyàn mi! Mo wo òkè, mo rí òòrùn. Mo wo ilẹ̀, mo rí ìyà. Kí ló yẹ kó wà láàárín òòrùn àti ìyà? Òjìji! Ta ni yóò fún yín ní òjìji?"

"Ẹ̀yin ni!" Hafeez ké.

"Èmi ni," ni Alága gbà, bí ẹni pé wọ́n fi ipá mú un jẹ́wọ́.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí agbòòrùn tuntun mẹ́tàlá fi dé. Méjìlá jẹ́ ti àwọn obìnrin náà. Ẹ̀kẹtàlá tóbi jù wọ́n lọ. Ti orí pèpéle ni, fún ọjọ́ ìṣílẹ̀kùn. Funfun ni gbogbo wọn, wọ́n fẹ̀ bí yàrá, àwòrán Alága sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín, láti àyà títí dé fìlà.

Ẹni tó ṣe agbòòrùn náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó dá ihò sí òkè téńté, ó fi aṣọ kékeré kan bò ó bí ìdérí, kí atẹ́gùn tó bá wọ abẹ́ rẹ̀ lè rí ibi bá jáde. Ẹni tó tẹ àwòrán ni kò mọ̀. Ibi tí ihò wà gan-an ni ó jẹ́ kí fìlà ti pàdé iwájú orí Alága. Nígbà tí wọ́n ṣí èkíní, orí wà lọ́tọ̀, fìlà wà lọ́tọ̀, ojú sánmà sì wà láàárín wọn.

Hafeez pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Rùkáyátù.

"Rán ihò yìí pa," ni Alága wí. "Gbogbo wọn."

Rùkáyátù fọwọ́ pa aṣọ náà. "Alága, ihò yìí ni atẹ́gùn ń bá jáde. Bí a bá dí i, agbòòrùn á fò."

"Á fò lọ síbo?"

"Ibi tó bá wù ú, sà."

Alága rẹ́rìn-ín. "Hafeez, télọ̀ fẹ́ kọ́ mi nípa atẹ́gùn."

"Lójú ayé mi!" ni Hafeez wí.

"Gbọ́, ìyá. Àwọn tó bá mi du ipò yìí tó mẹ́sàn-án, kò sí èyí tó lè ṣí fìlà lórí mi. Ṣé atẹ́gùn Ṣàngó ni yóò ṣí i? Rán an. Bí o kò bá rán an, ẹlòmíràn á jókòó sí igun rẹ lọ́la."

Rùkáyátù rán an. Ihò mẹ́tàlá, ojú abẹ́rẹ́ wínníwínní, òwú onílọ́po méjì. Iṣẹ́ náà kò bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n Rùkáyátù kò mọ bí wọ́n ti ń rán ìránkúràn.

Ó ku ẹsẹ̀. Alága ti ní kí wọ́n gbé rímù jù sẹ́yìn ọgbà. Ọkùnrin mẹ́jọ ló gbé wọn, wọ́n sì ń ṣépè ní gbogbo ọ̀nà. Àwọn ẹsẹ̀ tuntun jẹ́ ike funfun, inú wọn ṣófo. Ìwé tó bá wọn wá ní kí á bu yanrìn tàbí omi kún inú wọn. Hafeez bu yanrìn sí ọ̀kan. Yanrìn pupa Ọ̀tà hàn kedere lára ike náà. Alága ní ó dà bí ẹni tó fi ṣòkòtò funfun jókòó sínú ẹrẹ̀, kí wọ́n dà á nù. Wọ́n bu omi sí òmíràn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, omi náà ti di àwọ̀ ewé, ẹ̀fọn sì ti kó wọ ibẹ̀. Wọ́n da ìyẹn náà nù.

"Hafeez, ṣé àwọn ẹsẹ̀ yẹn ti kún báyìí?"

"Wọ́n kún dẹ́nu, sà."

"Kí ló wà nínú wọn?"

"Atẹ́gùn, sà."

"Ó dára. Atẹ́gùn kì í yọ àwọ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé àwọn agbòòrùn náà síta, atẹ́gùn díẹ̀ fẹ́, Kàfáyá sì pa tirẹ̀ dé. Alága ń kọjá nínú ọkọ̀. Ó rí i tí ojú ara rẹ̀ ń ká mọ́ra wọn: imú lọ bá etí, ẹ̀rín di ẹkún, fìlà wọ inú àgbọ̀n. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ní kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró.

"Ìwọ obìnrin yìí! O ń ká mi bí ẹní!"

"Agbòòrùn ni mo ń pa dé, sà."

"Ojú ta ló wà níbẹ̀?"

"Ojú yín ni, sà. Ṣùgbọ́n agbòòrùn ni."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá òfin lára ògiri ọgbà ilé-iṣẹ́: *Láti agogo méje àárọ̀ títí di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ojú Alága dé. Ẹni tó bá dán an wò yóò kúrò ní ọgbà yìí títí láé.* Alága buwọ́ lù ú. Ìbuwọ́lù náà gba ìdajì ìwé.

Ẹ lè máa rò ó bóyá òjò gbọ́ nípa òfin yìí. Wọn kò fún un ní ẹ̀dà tirẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, òwú etí ẹ̀rọ na tààrà. Rùkáyátù lanu, ó rántí igun rẹ̀, ó pa ọ̀rọ̀ dà. "Ẹ dì í mú!" ni ó kígbe. Ni obìnrin kọ̀ọ̀kan bá dì mọ́ òpó agbòòrùn tirẹ̀, tọwọ́tẹsẹ̀.

Ìbráhìm, òṣìṣẹ́ kan, dúró síwájú Kàfáyá. "Dùndún mi dà?"

"Mú un fúnra ẹ. Ọwọ́ mi ò ṣófo, Alága ni mo dì mú."

"Ṣé ọkọ ẹ mọ̀?"

"Ọkọ mi ló ní kí n rọra dì í, kó má baà já mọ́ mi lọ́wọ́."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí Alága tún dé. Ó rí obìnrin méjìlá tó dì mọ́ òpó méjìlá lábẹ́ ojú òun méjìlá. "Hafeez, kí ni wọ́n ń ṣe yìí?"

Hafeez rí i pé atẹ́gùn ni. Ṣùgbọ́n wọn kò gbà á sí iṣẹ́ kí ó máa rí nǹkan. "Ìfẹ́ ni, Alága," ó ní.

Omi yọ lójú Alága. "Wọ́n dì mọ́ mi," ó ní. "Mi ò tiẹ̀ bẹ̀ wọ́n." Ó pàṣẹ lójú ẹsẹ̀ pé ní ọjọ́ ìṣílẹ̀kùn, bí òun bá ti dìde láti sọ̀rọ̀, kí gbogbo wọn tún dì mọ́ òun bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ náà pé. Ìyáàfin Ìtẹ́olúwa wá láti Abẹ́òkúta. Òun ló ń bójú tó gbogbo irú ìgbìmọ̀ báyìí. Ọwọ́ tó fi ń yàn wọ́n náà ló fi ń yọ wọ́n. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n kó àwọn ọmọ iléèwé wá kọrin, wọ́n ní kí wọ́n jókòó sábẹ́ àwọn agbòòrùn. Kàfáyá gbé páànù epo kaná, nítorí Alága ní kí àlejò jẹ dùndún gbígbóná. Ìdí páànù náà ni ọmọ mẹ́fà jókòó sí.

Alága dìde nínú agbádá tó gbòòrò bí àgọ́. Àwọn obìnrin na ọwọ́ di òpó mú bí ó ti pàṣẹ. Hafeez ka orúkọ oyè rẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìyáàfin Ìtẹ́olúwa wo aago.

"Ẹ wo òkè!" ni Alága bẹ̀rẹ̀. "Kí ni ẹ rí lórí yín?"

Gbogbo èèyàn wòkè. Ojú ọjọ́ ti dúdú lọ́nà Ìjòkó.

"Òjò," ni ọmọ kan wí.

"Èmi ni!" ni Alága wí. "Èmi ni mo wà lórí yín! Òòrùn kò ní pa yín mọ́, òjò kò ní rí yín mọ́..."

Òwú na tààrà. Kò wálẹ̀.

Rùkáyátù wo òfin lára ògiri. Ó wo igun rẹ̀, ẹ̀rọ, àpótí ìjókòó, ofaròòlù mẹ́rin tí wọn kò tíì wá gbà. Ó wo epo Kàfáyá tó ń hó, ó wo àwọn ọmọ mẹ́fà tó jókòó tì í, àti òpó irin tó dúró sórí ike tí atẹ́gùn kún inú rẹ̀. Ó dìde.

"Ẹ pa á dé!"

Ó pa tirẹ̀ dé. Ojú Alága ká wọ inú ara rẹ̀ níṣojú àlejò Abẹ́òkúta.

"Rùkáyátù!" Ohùn Alága bo ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́lẹ̀. "O ti lọ! Kó ẹ̀rọ rẹ! Kó abẹ́rẹ́ rẹ! Kó òjìji ara rẹ kúrò nínú ọgbà mi!"

"Mo ti gbọ́, sà. Ẹ pa tiyín náà dé."

Kàfáyá pa tirẹ̀ dé, ó ti àwọn ọmọ sẹ́yìn. Ẹni tó tẹ̀ lé e pa á dé, ẹni tó tún tẹ̀ lé e náà, títí méjìlá fi pé. Alága rí ara rẹ̀ tó pòórá nígbà méjìlá.

"Ẹ máa pa á dé!" ó kígbe. "Èmi ò ní pa ara mi dé láéláé!" Ó dì mọ́ òpó agbòòrùn ńlá orí pèpéle.

Atẹ́gùn dé. Ó wọ abẹ́ agbòòrùn ńlá náà, ó wá ihò tí yóò bá jáde, kò rí i. Iṣẹ́ Rùkáyátù dára, òwú kan kò já. Nígbà tí kò rí ọ̀nà, ó gbé agbòòrùn, ó gbé ike ìdí rẹ̀, ó gbé Alága mọ́ ọn.

Kò ga púpọ̀. Àwọn kan ní kò ju ìgbọ̀nwọ́ méjì lọ. Hafeez búra pé ó tó ilé alájà kan. Alága kúrò lórí pèpéle láìtẹ àtẹ̀gùn. Ó kọjá níwájú àwọn akọrin. Àwọn ọmọ iléèwé pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ó wà nínú ètò. Hafeez sá tẹ̀ lé e, ó gbá etí agbádá mú. Agbádá náà pariwo fáà, ó ya sí méjì. Hafeez jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ìdajì, Alága ń bá ìdajì kejì lọ. Ní etí gọ́tà ló tó jọ̀wọ́ òpó. Gọ́tà náà gbà á.

Agbòòrùn kò dúró. Ó ré òpópónà kọjá, ó bà lé orí tírélà kan tó kó adìyẹ, ojú Alága sì ń rẹ́rìn-ín láàárín àwọn àkámọ́ adìyẹ lọ sí ọ̀nà Abẹ́òkúta. A gbọ́ pé ó dé Ìtòrí kí ó tó já bọ́, àti pé ọlọ́pàá kan kí i.

Wọ́n fa Alága jáde. Ìyáàfin Ìtẹ́olúwa ti dúró sábẹ́ òrùlé gétì ilé-iṣẹ́ kan nítorí òjò. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ̀rọ̀.

"Ta ló ní kí wọ́n má pa á dé?"

Alága nu ẹrẹ̀ lẹ́nu. "Àwọn ọmọ iṣẹ́ ni, Mà. Wọn kì í gbọ́ràn."

Hafeez gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi ògo ọ̀gá rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kò lè gbà á. Ó já òfin náà lára ògiri, ó gbé e sókè nínú òjò, ó sì kà á pẹ̀lú ohùn tó fi ń jí àwọn àga: "Láti ọwọ́ Alága Ẹwà Ìgboro, Olùdarí Ìtura, Baba Òjìji! Òun fúnra rẹ̀ ló rò ó! Òun ló buwọ́ lù ú! Ẹnikẹ́ni kò ràn án lọ́wọ́!"

"Ihò orí agbòòrùn ńkọ́?"

"Alága ló ní kí wọ́n rán an, Mà, kí fìlà lè lẹ̀ mọ́ orí!"

"Kí ló wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀?"

"Atẹ́gùn, Mà! Alága fọwọ́ sí i!"

"Hafeez," ni Alága sọ jẹ́jẹ́, "dákẹ́."

"Ìrẹ̀lẹ̀ ló ń dà wọ́n láàmú, Mà," ni Hafeez wí.

Ní Ọjọ́ Ajé, ìwé dé láti Abẹ́òkúta. Kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Gbọ́ládé padà sí ìdí ọ̀dà.

Ṣùgbọ́n Rùkáyátù ti lọ. Nínú òjò ọjọ́ yẹn ló ti gbé ẹ̀rọ sórí kẹ̀kẹ́, ó gba ilé rẹ̀ lọ ní Ìjòkó. Wọ́n ti lé e, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwọn obìnrin yòókù gbé rímù wọn padà wá láti ẹ̀yìn ọgbà, wọ́n ri òpó mọ́ inú wọn, wọ́n sì jókòó sínú òòrùn, agbòòrùn méjìlá ní pípadé. Kò sí ẹni tó fẹ́ jókòó sí ìpẹ̀kun.

Alága tuntun, ọkùnrin pẹ́lẹ́ kan, wá wò wọ́n. "Kí ló dé tí ẹ ò ṣí i?"

"Ta ni yóò sọ fún wa ìgbà tí a máa pa á dé?" ni Kàfáyá bi í. Orúnkún Ìbráhìm sì ń yọ lẹ́nu ofaròòlù lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n rán Hafeez lọ sí Ìjòkó.

"Ìyá Télọ̀!" ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Olùṣọ́ Ìjì! Abẹ́rẹ́ tó ń dá aṣọ lóhùn! Ìyá gbogbo..."

"Hafeez. Kí lo bá wá?"

"Igun yín, Mà. Wọ́n ní tiyín ni. Ó wà nínú ìwé yìí, ẹnikẹ́ni kò ní lé yín mọ́."

Rùkáyátù ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ̀rọ nìyẹn. Gbé e."

"Irin ni o, Mà."

"Irin ni."

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe nígbà tó jókòó ni pé ó tú ojú òwú orí agbòòrùn méjèèjìlá. Wọ́n ṣí wọn. Òjìji bo ilẹ̀.

Ó tó bí oṣù kan lẹ́yìn náà kí Gbọ́ládé tó wá. Àkókò oúnjẹ ni. Ó tò sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta, láílọ́ọ̀nù dúdú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó kàn án, ó tú ìdajì agbádá méjì jáde.

"Ẹ káàsán, sà," ni Rùkáyátù wí.

"Káàsán. Ṣé ó ṣeé tún ṣe?"

Rùkáyátù na aṣọ náà sórí orúnkún, ó fi ìka tọ ibi tó ya láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Kò lè ṣe agbádá mọ́."

Gbọ́ládé fa etí méjèèjì pọ̀ mọ́ra. "Rárá rárá?"

"Bí mo bá gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, èyí tó kù á tó bùbá."

Ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀ dá sí i. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè mú ọ̀kan. Agogo fẹ́ lù."

"Ó dáa," ni Gbọ́ládé wí. "Ẹ gé e."

Rùkáyátù dìde, ó fa téèpù jáde. Gbọ́ládé na apá méjèèjì, ó gbé àyà sókè, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó tún na ọrùn.

"Ẹ mí síta, sà," ni Rùkáyátù wí. "Bí ẹ ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ wọ̀n."